Ohùn Áyọ́ọ̀nù Lẹ́yìn Oko Àgbàdo

Ohùn kan wà tí etí mi kò gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí náà ti ń di díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ohùn gúrúùpù ni, ẹ̀rọ amúnáwá tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, á máa kùn lọ geere bí àgbà tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ bọ iná rẹ̀ lójijì, á kérora, á ní "hùùn", bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù lé ènìyàn lórí láìkìlọ̀ fún un, lẹ́yìn náà á gbìyànjú, á tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìkérora yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń pè mí.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí ọkùnrin mọ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ ti lọ, ọ̀kan wà ní Kútọnu, ọ̀kan wà ní Gàbọ́ọ̀nù. Wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, èmi náà á ní mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì tán. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Kétu kò sì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń wá ẹlẹ́gbẹ́. Gúrúùpù mi ni àwọn ènìyàn ń háyà fún ìsìnkú, fún ìsọmọlórúkọ àti fún ìwáásù oṣù ààwẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ iná rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ ariwo rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń gbé èmi àti òun sí. Màá jókòó ti kẹ́ẹ̀gì epo mi títí ayẹyẹ á fi parí. Kò sí ilé tí mi ò mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kétu. Iwájú wọn ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi wá bá mi. Ọmọ Kétu ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kútọnu ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù. Ó ní òun fẹ́ ya ọ̀kan ní Idigny, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Kétu, nínú ilé bàbá bàbá òun, ìtàn obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ tó ti rìnrìn àjò. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dáwó jọ, kámẹ́rà pàápàá, wọ́n yá a ni. Iná ìjọba kò sì tíì dé apá ibi tí ilé náà wà.

"Tọ́ntọ̀n," ó ní, "bí ẹ kò bá bá wa lọ, òkùnkùn la máa yà."

Tọ́ntọ̀n ni àwọn ọmọ tó kàwé Faransé máa ń pe ọkùnrin tó bá bàbá wọn dọ́gbà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé òun kò lè lọ síbì kan láìsí mi. Mo di gúrúùpù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, a sì kọrí sí Idigny nínú eruku pupa.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ohùn sílẹ̀. Ó fi nǹkan bo etí méjèèjì, ó gbé ọ̀pá gígùn kan lọ́wọ́, ó sì máa ń gbọ́ ohun tí àwa yòókù kò gbọ́. Bí mo ṣe tan gúrúùpù báyìí, ó gbọ́wọ́ sókè. "Tọ́ntọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà." Mo gbé e sẹ́yìn ilé, ó ní òun ṣì ń gbọ́ ọ. Mo gbé e sídìí ọgbà, ó mi orí. Níkẹyìn, a gbé e kọjá gbogbo oko àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé náà, a gbẹ́ kòtò fún un lẹ́yìn ògán ńlá kan, a sì fa wáyà gígùn láti ibẹ̀ gba àárín àgbàdo wọnú ilé. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ọ mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹnikẹ́ni kò sì lè gbọ́ èmi náà mọ́, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í wọ ibẹ̀. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi igbá kan, mo sì di òṣìṣẹ́ fíìmù tí kò rí fíìmù rárá.

Ọjọ́ tí mo ń so wáyà náà mọ́ inú ilé ni mo kọ́kọ́ pàdé obìnrin tí wọ́n ń pè ní aláṣọ. Òun ló ń tọ́jú gbogbo aṣọ tí àwọn òṣèré ń wọ̀. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń rán èyí tó ya, ó ń lọ̀ ọ́, ó sì mọ bí olúkúlùkù ṣe ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ lánàá kí wọ́n lè ká a bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, láti ìdílé Mùsùlùmí tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn. Ó ga jù mí lọ. Ó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Òórùn tùràrí máa ń jáde lára aṣọ rẹ̀ bó bá kọjá. Èmi ní tèmi, ẹ lè fojú inú wo òórùn tèmi.

Mo ń wá ibi tí mo máa gba wáyà sí, mo sì fọwọ́ ti aṣọ funfun kan tó wà ní kíkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè ríran. Aṣọ ìyàwó ni, èyí tí obìnrin inú ìtàn náà máa wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fi kan aṣọ yẹn?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Mo rí i pé ọwọ́ ni. Kí ló wà lára ọwọ́ náà?"

"Epo ẹ̀rọ ni."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Mo ti ń rò pé ẹ lé làálì ni."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ fi ẹ̀rín ṣubú lura wọn. Èmi dúró bí òpó, ọwọ́ méjèèjì nà síwájú bíi ti ẹni tó gbé àwo. Aláṣọ fi kẹrosíìnì pa ojú ibẹ̀, ó fi ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́ títí kò fi sí àmì kankan mọ́, kò sì tún bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo padà sídìí ògán mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ọṣẹ dúdú. Mo sọ fún ara mi pé nítorí kí n lè máa jẹun ni.

Àṣà iṣẹ́ wọn nìyí, kí ẹ lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Áyọ́ọ̀nù máa ń fa iná púpọ̀. Bí wọ́n bá ki í bọ iná, gbogbo àtùpà kámẹ́rà á rẹ̀wẹ̀sì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, aláṣọ kò gbọdọ̀ lọṣọ nígbà tí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá sinmi ló máa ń lọ tirẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn oko kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ gbogbo rẹ̀ láti inú ohùn ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tan àtùpà, gúrúùpù á mí kanlẹ̀. Bí aláṣọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kérora.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó ń se oúnjẹ gbàgbé mi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, mi ò sì bínú, ta ni yóò rántí ẹni tí kò rí? Mo ṣáà rí i tí àgbàdo ń mì, aláṣọ sì yọ jáde, ó gbé abọ́ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbé etí ìró rẹ̀ sókè kí eruku má bàa kàn án. Ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀ àti wàràkàṣì, wàrà dídì tí wọ́n dín, pẹ̀lú ata.

"Ẹlẹ́rọ, wọ́n ti fẹ́ fi ebi pa yín. Mo ní, ta ló gbé oúnjẹ lọ fún ẹni tó wà nínú igbó? Gbogbo wọn ń wo ojú ara wọn."

Mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó dúró ó ń wo gúrúùpù nínú kòtò rẹ̀.

"Ṣé ó kì í sú yín láti máa jókòó níbí láìmọ ohun tó ń lọ?"

"Mo máa ń mọ̀. Mo máa ń gbọ́ yín."

"Ẹ ń gbọ́ mi? Láti ibí?"

"Bí ẹ bá ń lọṣọ, ẹ̀rọ yìí máa ń sọ. Láàárọ̀ yìí, aṣọ tó nípọn lẹ kọ́kọ́ lọ̀. Ẹ wá dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ẹ padà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni."

Ó wo gúrúùpù náà bí ẹni tó ń wo aládùúgbò olófòófó. Lẹ́yìn náà ó jókòó sétí ẹní mi, òun tí kì í jókòó síbi tí eruku wà.

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé ní Àjàṣẹ́," ó ní. "Láti ìgbà tí ọkọ tí mo fẹ́ ti mú ẹlòmíì wálé tí mo fi kó ẹrù mi padà. Ilé náà kún dẹ́nu. Àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn oníbàárà. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ariwo mi pọ̀. Ẹlẹ́rọ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi níbẹ̀."

Mo ní wàràkàṣì náà dùn. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gúrúùpù kérora, ó dákẹ́, ó tún kérora, ó dákẹ́. Kò sí aṣọ tí ènìyàn ń lọ̀ báyẹn. Mo jókòó, mo ronú, mo wá dìde, mo fọwọ́ kan irin tó ń fi kún epo rẹ̀. Ẹ̀rọ ké sókè díẹ̀, mo sì mọ̀ pé gílóòbù tó wà lókè orí aláṣọ nínú yàrá aṣọ yóò mọ́lẹ̀ rekete. Ẹ kú àárọ̀ ló kí mi. Ẹ kú àárọ̀ ni mo dá padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí a kì í kí ara wa. Bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ ń jí ní kùtùkùtù, ó ń fetí sí gúrúùpù bí ọ̀dọ́ tó ń dúró de ẹsẹ̀ ọmọbìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ mi bá rí mi, ilé ìwòsàn ni wọn ì bá gbé mi lọ.

Mo pinnu láti bá a sọ̀rọ̀. Ní odindi ọjọ́ kan, mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún gúrúùpù títí tó fi yọ̀ lẹ́nu mi. Nígbà tí iṣẹ́ parí nírọ̀lẹ́, mo fi ọṣẹ dúdú àti iyanrìn fọ ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí, mo wọ bùbá tí mo fi ń lọ kírun Jímọ́ọ̀, mo lọ bá a. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ, ó ń gán bọ́tìnnì.

"Aláṣọ, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Mò ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ gbogbo tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ.

"Búújì ẹ̀rọ náà, èyí tó ń ṣáná sí epo, ti gbó."

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Màá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la."

"Ó dáa kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀." Ó já òwú pẹ̀lú eyín. Ó wo ọwọ́ mi. "Ọwọ́ yín mọ́ lónìí o. Ta lẹ fọ̀ ọ́ fún?"

"Mo kàn fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní, ó sì tẹ orí ba, ó ń bá bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. Mo dìde. Mo dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i pé mi ò tilẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bú ara mi. Ọkùnrin tó lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ kó sì tún un tò kò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ náà ń lọ sópin. Ní ọ̀sán kan tó gbé oúnjẹ wá, ó sọ fún mi, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, pé ẹ̀gbọ́n òun ti ṣètò pé kí òun lọ sí Abíjáànì, kí òun máa ṣọ́ ìsọ̀ aṣọ kan fún ẹbí wọn níbẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ fíìmù bá parí ni yóò wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé òun.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ?" mo bi í.

"Wọn ò bi mí. Wọ́n sọ fún mi ni."

"Ẹ lè sọ pé ẹ kò lọ."

"Wọ́n á ní kí ló dé. Ta ni kí n sọ pé mò ń dúró tì?"

Ó wo ojú mi, kò sì gbé ojú kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin náà rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Epo ẹ̀rọ ń tán," mo ní, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì.

Nígbà tí ó lọ tán, mo jókòó sórí ẹní. Mo ti rí i pé Abíjáànì jìnnà ju oko àgbàdo lọ, kò sí wáyà tó lè dé ibẹ̀. Mo búra fún ara mi pé iṣẹ́ náà kò ní í parí kí n má tíì sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèmọ̀ ni yóò ti ẹnu mi jáde. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìparí ni mo mú. Ọjọ́ náà ṣì kù díẹ̀, mo sì ń fọ ọwọ́ mi ní gbogbo ìgbà láti múra dè é.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró de ọjọ́ tí mo mú.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ya ibi tó le jù nínú fíìmù náà, ibi tí obìnrin náà ti gbọ́ pé ọkọ òun kò ní í padà mọ́ tó sì bú sẹ́kún. Wọ́n ti dí gbogbo fèrèsé, àtùpà nìkan ni wọ́n ń lò. Láti àárọ̀ ni òṣèré náà ti ń gbìyànjú, omi kò jáde lójú rẹ̀. Olùdarí, ìyẹn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni fíìmù, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan iná lónìí, kó máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún èmi náà kí n má kúrò nídìí ẹ̀rọ, bí ejò bá tilẹ̀ wá.

Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti tan àtùpà, kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́. Lójijì, hùùn. Ó dákẹ́. Hùùn. Ó dákẹ́. Mo dìde dúró. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é, láìsinmi, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Obìnrin yìí mọ òfin náà ju gbogbo wọn lọ. Kò sì tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ mi, ẹni tó ń ṣọ́ gúrúùpù kì í fi í sílẹ̀, àgàgà nígbà tí epo rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, epo rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Mo gba àárín àgbàdo, ewé rẹ̀ ń fá mi lójú. Bàtà kan yọ lẹ́sẹ̀ mi, mi ò padà mú un. Nígbà tí mo fi máa já sí àgbàlá, bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ọwọ́ mi sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọkọ̀ funfun kan dúró lábẹ́ igi. Àlájì kan tó ga, tó wọ aṣọ tí kò hunjọ níbì kankan, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ. Mo mọ̀ ọ́n láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi, ojú òun àti aláṣọ jọra. Ẹrù aláṣọ ti wà nílẹ̀, dídì ààbọ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró ti tábìlì, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí aṣọ kankan níwájú rẹ̀. Olùdarí ti sáré jáde láti inú ilé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

"Tántì, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi áyọ́ọ̀nù síná?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé? Omi ti jáde lójú rẹ̀! Ó ti ń sunkún!"

"Mò ń pe Ẹlẹ́rọ ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ojú sí i.

"O ní kí lo ń ṣe?"

"Ẹ ní kí n di ẹrù kí a máa lọ lónìí, ẹ kò jẹ́ kí n jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí n lọ aṣọ kan. Ẹlẹ́rọ wà lẹ́yìn oko, mo ń pè é."

"O ń fi áyọ́ọ̀nù pe ọkùnrin?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, olùdarí pàápàá kò lè mú un mọ́ra. Ọmọbìnrin tó ń gba ohùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí mi.

"Ó pè mí," mo ní. "Mo gbọ́. Mo dé."

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni àtùpà inú ilé kú. Epo ti tán. Láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iná máa kú láàárín iṣẹ́. Ẹ̀rín gé. Wọ́n ń retí kí n sáré padà.

"Tọ́ntọ̀n," olùdarí ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "iná ti lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ díẹ̀." Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àlájì, ẹ kú ìrìn. Èmi ni mò ń ṣọ́ gúrúùpù níbí. Kétu ni ilé mi, ìyàwó mi ti kú. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní àbúrò yín kí n fi ṣe aya. Ẹ má bínú pé bàtà mi kò pé. Mi ò tíì sọ fún òun fúnra rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gbọ́ ọ báyìí."

Aláṣọ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èmi ti rò pé búújì lẹ tún máa sọ," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. "Ọwọ́ yìí lẹ fẹ́ fi gba ọmọ tí wọ́n bí sáàárín aṣọ funfun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," aláṣọ dá a lóhùn. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ epo kúrò lára aṣọ. Ti ara ọwọ́ kò lè le jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Abíjáànì, mi ò lọ. Ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé, òun ló dúró yẹn."

Àlájì gbọn ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni tí eruku bà lé. Ó ní kì í ṣe inú àgbàlá àwọn oníṣẹ́ fíìmù ni àwọn ti ń fi ọmọ àwọn fọ́kọ, pé bí mo bá ti fọ ọwọ́ mi tán, kí n wá bá òun ní Àjàṣẹ́. Ó ní kí àbúrò òun wọ ọkọ̀. Aláṣọ ní iṣẹ́ tí òun gbà kò tíì parí, bó bá parí, òun á wọ ọkọ̀ akérò wá. Ọkọ̀ funfun náà lọ láìgbé e.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo lọ sí Àjàṣẹ́. Àlájì fi mí jókòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń tajà, kò wo ojú mi. Mo padà sílé, mo tún lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ó ní àwọn obìnrin ìdílé òun kì í gbé inú eruku pupa, pé aṣọ wo ló fẹ́ funfun ní Kétu. Mi ò bá a jiyàn. Mo padà wálé, mo fi símẹ́ǹtì tẹ́ gbogbo iwájú ilé mi, mo fi fèrèsé onígíláàsì sí yàrá kan tó kọjú sí títì, mo sì kan tábìlì gbọọrọ sínú rẹ̀. Mo tún lọ, mo ní kí ó wá wò ó. Ó ní òun kò ráyè. Mo ní màá dúró kó fi ráyè. Mo ń dúró bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àkókò ọyẹ́, títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí kí mi bí ará ilé, tí wọ́n sì ń bi mí ní iye owó aṣọ. Ní ọjọ́ kan ó wo mí, ó mí kanlẹ̀ bíi gúrúùpù mi, ó ní, "Ọkùnrin yìí, ẹ kò ní í lọ." Mo ní rárá, Àlájì. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi.

Lẹ́yìn tí a ti ṣe yìgì, olùdarí gbé fíìmù rẹ̀ wá sí Kétu. Aláṣọ ló rán aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ju àwòrán sí, òun ló lọ̀ ọ́ tí kò fi hunjọ níbì kankan. Iná gúrúùpù mi ni wọ́n lò. Fún ìgbà kan ṣoṣo, mo gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn, èmi gan-an jókòó síwájú. Nígbà tó kan ibi ẹkún náà, mo rí i pé èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí aláṣọ fi áyọ́ọ̀nù pè mí ni. Olùdarí kò jù ú nù. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òṣèré náà kò tún rí omi ojú sun bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ń sunkún nínú yàrá, iná tó wà lójú rẹ̀ sì rọlẹ̀, ó padà, ó rọlẹ̀, ó padà. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn mi kùn sókè pé, "Ẹ wò ó, iná pàápàá ń bá a sunkún." Àwọn ènìyàn ń yin ọgbọ́n olùdarí. Aláṣọ fi ìgúnpá gún mi níhà láìwo ojú mi. Nínú gbogbo fíìmù náà, ibẹ̀ nìkan ni àwa méjèèjì wà.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Iná ìjọba ti dé àdúgbò wa, gúrúùpù sì ń sùn lábẹ́ tapólì ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi ní ìsọ̀ rẹ̀ nínú yàrá onígíláàsì, àwọn ènìyàn ń gbé aṣọ wá láti abúlé Òpómẹ́ta kó lè lọ̀ ọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dín kù, mi ò sì retí kó dín kù. Iná ìjọba ní tirẹ̀ kì í kérora, ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lè jókòó síta láti àárọ̀ kí n má mọ̀ bóyá aṣọ tó nípọn ló wà lórí tábìlì rẹ̀ tàbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, bóyá ó fẹ́ kí n wá. Bí mo bá fẹ́ mọ̀, àfi kí n dìde lórí àga, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí n bi í.

Mo ń dìde.